Ilé Ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́: Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọ Kí Àwọn Ọmọdé Lè Fojú Ara Wọn Rí I

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ létí ọ̀gọ̀dọ̀ kan lẹ́yìn òjò ńlá. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 6, lóṣòó síbẹ̀, ó ń wo àwọn nǹkan dúdú kéékèèké tó ń ju ìrù wìrìwìrì nínú omi. Ó ní, "Ẹ wá wo ẹja!" Mo ní kì í ṣe ẹja, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ó wò mí, ó tún wo omi. "Rárá o. Ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́sẹ̀. Èyí ò lẹ́sẹ̀." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún 9, gbè é lẹ́yìn. Ó ní bí ọ̀pọ̀lọ́ bá bímọ, ọmọ rẹ̀ á jọ ọ́, bí ọmọ ewúrẹ́ ṣe ń jọ ewúrẹ́.

Mo lè máa ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú, ohun tí wọ́n fojú rí ló máa borí. Mo wá pinnu láti kọ́ ohun kan tí wọ́n á fi máa wò ó láti ẹyin títí dé ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọ ohun tí mo ṣe sílẹ̀, àti ohun tó bàjẹ́ pẹ̀lú. Ohun tó bàjẹ́ pọ̀, àwọn ẹranko kan sì kú lọ́wọ́ mi tí kò yẹ kí wọ́n kú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo parí sí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ wà. Àwọn ibì kan wà tí òfin kò gbà kí èèyàn kó ẹyin tàbí ọmọ àwọn ẹranko yìí kúrò ní ibùgbé wọn, pàápàá àwọn irú tó ti ń tán lọ.

1. Ohun tí mo kó jọ

Àpótí ike kan tó mọ́ gaara, 60 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 40 ní fífẹ̀, 30 ní gíga. Mo wá èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà mọ́ gaara, kí ọmọdé lè wo ikùn ẹranko náà láti abẹ́ láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn: garawa méjì, síbí ńlá kan, ife kan, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ó fi sẹ́ omi, tẹmómítà, rúlà, tọ́ọ̀ṣì, awò tó ń mú nǹkan tóbi, abọ́ funfun pẹrẹsẹ kan, rọ́bà tí a fi ń fa omi, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, okùn rọ́bà tó ń fà, òkúta odò wẹ́wẹ́ àti yanrìn. Àpótí yẹn nìkan ni mo fowó rà níbẹ̀rẹ̀, ìyókù wà nílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún mo tún ra èkejì, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń gbà lọ́wọ́ èèyàn jù ni àsìkò: ogún ìṣẹ́jú láràárọ̀, wákàtí kan ní ọjọ́ tí a bá pààrọ̀ omi.

Àti ìwé kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fo èyí. Ọmọ tó bá ń yàwòrán ohun tó rí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

2. Omi, àti ẹyin 15 tí mo pa

Kí n tó ra àpótí ni ìkánjú ti mú mi. Mo bu ẹyin 15 sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, mo da omi ẹ̀rọ sí i lójú ẹsẹ̀, mo gbé e sójú fèrèsé kí àwọn ọmọ lè máa rí i. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi inú ìgò ti gbóná dé 36°C. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ẹyin ti funfun, èbu tó dà bí òwú sì ti bò wọ́n.

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe pọ̀. Èkíní ni kilóríìnì tí wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ láti pa kòkòrò àrùn. Èkejì ni oòrùn tó ń ta sórí omi tí kò tó nǹkan. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù. Awọ ara ẹranko yìí ló yẹ kí n ti rò kí n tó ṣe ohunkóhun. Kò dà bí awọ tiwa rárá: omi ń gba ibẹ̀ wọlé, afẹ́fẹ́ náà ń gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tó bá wà nínú omi, inú ara rẹ̀ ló ń lọ. Ẹyin rẹ̀ kò sì ní èèpo líle bíi ti adìyẹ. Ohun kan tó ń yọ̀, tó mọ́ gaara, ló yí i ká.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí. Mo gbe omi òjò, líta 18, mo sì bu líta 18 sí i láti inú ọ̀gọ̀dọ̀ tí ẹyin náà ti wá. Líta 36 yẹn ga dé 15 sẹ̀ǹtímítà nínú àpótí. Ẹni tí kò bá rí omi òjò lè da omi ẹ̀rọ sínú garawa tó ṣí sílẹ̀ kó sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 48, kilóríìnì á fò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé kilorámíìnì ni wọ́n ń lò, ìyẹn kì í fò lọ bẹ́ẹ̀. Oògùn tí àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì ń dà sómi ló ń pa á. Mo gbé àpótí sábẹ́ òjìji, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ nìkan ti ń kàn án. Láti ìgbà náà, omi kò kúrò láàárín 23°C sí 26°C.

3. Ẹyin 47

Ọjọ́ 1. Ẹyin tó wà nínú ọ̀gọ̀dọ̀ wa gùn bí okùn, àwọn kóró dúdú tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ti ọ̀pọ̀lọ́ nìyẹn. Ti akèré àti kọ̀ǹkọ̀ sábà máa ń ṣù pọ̀ sójú kan. Mo gé nǹkan bí 10 sẹ̀ǹtímítà nínú okùn náà, mo fi gbogbo ìyókù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ṣoṣo lè yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni nǹkan mìíràn yóò jẹ. A da tiwa sínú abọ́ funfun, àwọn ọmọ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n rí 46, wọ́n rí 49, wọ́n wá rí 47. A mú 47.

Ọjọ́ 2, kóró tó rí roboto ti gùn. Ọjọ́ 3, ó ti tẹ̀, ó ní orí, ó ní ìdí. Ọjọ́ 4, 41 ti jáde. Mẹ́fà funfun, mo fi síbí yọ wọ́n kí èbu má baà ràn.

Àwọn 41 náà so rọ̀ mọ́ ohun yíyọ̀ tí wọ́n ti jáde, wọn kò mira. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, "Wọ́n ti kú." Wọn kò kú o. Oúnjẹ tí wọ́n gbé wá láti inú ẹyin ni wọ́n ṣì ń jẹ, wọn kò tíì nílò ẹnu. Mo fún un ní awò, mo ní kó wo ẹ̀gbẹ́ orí ọ̀kan dáadáa. Ó wò ó pẹ́. "Ó ní irùngbọ̀n!" Ohun tó rí ni àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí wọ́n fi ń mí nínú omi, ó yọ síta lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọjọ́ mélòó kan lásán ni wọ́n fi ń hàn síta; awọ á dàgbà bò wọ́n, ẹranko náà á máa mí lábẹ́ awọ bíi ti ẹja. Bí a bá pẹ́ kí a tó gbé awò ni, à bá ti pàdánù rẹ̀. Ọjọ́ 7, gbogbo wọn ń lúwẹ̀ẹ́.

4. Ohun tó ń jẹ wọ́n lóru

Ọjọ́ 9, a ka 41. Ọjọ́ 10, 38. Ọjọ́ 12, 33. A kò rí òkú kankan. Mo kọ́kọ́ rò pé kíkà wa ni kò péye, torí kíka ohun tó ń sáré nínú omi kì í ṣe kékeré. A wá ọ̀nà kan: mo ń fi abọ́ funfun bù wọ́n díẹ̀díẹ̀, ọmọ kan á kà, èkejì á kọ ọ́, a ó dà wọ́n sínú garawa, títí àpótí á fi ṣófo. Ọjọ́ 13, 29 ló kù. Kíkà wa péye.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Lábẹ́ ewé kan tí mo kó wá láti inú ọ̀gọ̀dọ̀, nǹkan kan dúró síbẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹrẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́fà, ojú ńlá méjì, gígùn rẹ̀ tó 3 sẹ̀ǹtímítà. Ọmọ lámilámi ni. Mo pe àwọn ọmọ. Bí a ṣe ń wò ó ni ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ kan lúwẹ̀ẹ́ kọjá níwájú rẹ̀. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ nà jáde bí apá, ó gbá a mú, ó fà á sẹ́nu. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti tán.

Àbíkẹ́yìn bú sẹ́kún. Ó ní kí n sọ ọ́ nù. Mo jókòó tì í, mo sọ fún un pé ọmọdé ni òun náà, inú omi ló ń gbé báyìí, lọ́jọ́ kan yóò gun koríko jáde, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ á ya, ìyẹ́ á jáde, á fò lọ. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ṣé òun náà ń yí padà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A fi ife bù ú, a gbé e padà sí ọ̀gọ̀dọ̀.

Omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí mo dà sínú àpótí láìsẹ́ ló gbé e wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, omi ọ̀gọ̀dọ̀ yòówù tí mo bá bù ń gba inú aṣọ funfun tí a ká ní ìlọ́po méjì kọjá. Ewé àti òkúta ń wọ abọ́ omi òjò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó tan iná sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a ṣe bẹ́ẹ̀, a rí ọmọ lámilámi méjì sí i tí wọn kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà.

5. Oúnjẹ àjẹjù

Ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù lára òkúta inú omi ni ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń họ jẹ. Nígbà tí tiwa tán lára òkúta, mo bọ ewé ẹ̀fọ́ títí ó fi rọ̀, mo jẹ́ kó tutù, mo gé e wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ fẹ́ràn fífún wọn lóúnjẹ ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ. Ọ̀kan ń fún wọn láàárọ̀, èkejì ń fún wọn tí kò bá sẹ́ni tó ń wò ó, mo sì ń fún wọn lálẹ́ torí mo rò pé wọn kò tíì jẹun.

Ọjọ́ 17, omi ti dúdú bí ẹni da eérú sí i, ó ń rùn. Àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń yọ ẹnu sójú omi lóòrèkóòrè láti gba afẹ́fẹ́. Mẹ́ta kú. Ó ku 26. Mo pààrọ̀ ìdajì omi lọ́jọ́ náà. N kò pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, torí ìyípadà òjijì lè pa ìyókù. Omi tuntun náà sì ti wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ìgbóná wọn dọ́gba.

Ìlànà wa lẹ́yìn náà: ewé tó tó èékánná àtàńpàkò, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀. Èyí tó bá kù di ìrọ̀lẹ́, a ó yọ ọ́. Líta 12 omi, ìyẹn ìdá mẹ́ta, ní ọjọ́ méjì-méjì. Mo fi aṣọ di ẹnu rọ́bà tí a fi ń fa omi kó má baà fa ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn. Mo lẹ ìwé mọ́ ògiri, ẹni tó bá ti fún wọn lóúnjẹ yóò fa ìlà sí i. Ìwé orí ògiri yẹn ló gba omi wa là.

Àǹfààní kan wà nínú ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ kan lẹ̀ mọ́ ara ike, ẹnu rẹ̀ ń họ ọ́ ṣìn-ìn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Nínú ikùn rẹ̀, ìfun ká bìrìkìtì, ìká lórí ìká. Ẹ̀gbọ́n yà á bí okùn tí a ká sílẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ewé nílò ìfun gígùn. Nígbà tí yóò bá di ọ̀pọ̀lọ́ tó ń jẹ kòkòrò, ìfun náà yóò kúrú gan-an. Ara tí a ń wò kò ní wà bẹ́ẹ̀ nínú, kò ní wà bẹ́ẹ̀ níta.

6. Ẹsẹ̀, àti àwọn mẹ́rin tó rì

Ọjọ́ 25, ohun kan wú lẹ́bàá ìdí ìrù. Ọjọ́ 27, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Ẹ̀gbọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé iwájú ni yóò kọ́kọ́ yọ. Mo sọ fún un pé bí ó bá jẹ́ ọmọ salamáńdà ni, ẹranko oníìrù kan tó jọ alángbá, òótọ́ ni ì bá jẹ́. Ní ti ọ̀pọ̀lọ́, ẹsẹ̀ iwájú ń dàgbà lábẹ́ awọ níbi tí a kò ti lè rí i, ìgbà tó bá tó ni yóò já jáde.

Òkúta pẹrẹsẹ kan wà láàárín àpótí, mo fi ṣe ilẹ̀ fún wọn. Ó yọ 2 sẹ̀ǹtímítà lójú omi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró gan-an bí ògiri. Èrò mi ni pé ìgbà tí ìrù bá tán ni wọn yóò tó nílò ilẹ̀. Ọjọ́ 37, ẹsẹ̀ iwájú yọ lára àwọn kan. Àárọ̀ ọjọ́ 39, mẹ́rin léfòó, wọ́n ti kú. Ẹsẹ̀ wọn pé mẹ́rin, ìrù wọn ṣì gùn.

Wọ́n rì ni. Ohun tí wọ́n fi ń mí nínú omi ti ń parẹ́, ẹ̀dọ̀fóró ti gba iṣẹ́, wọn kò sì rí ibi tí wọ́n lè gùn. N kò lè sọ bó ṣe dùn mí tó, torí àrùn kọ́, kòkòrò kọ́. Ilé tí mo kọ́ ló pa wọ́n. Ara kan ṣoṣo ni mo kọ́ ilé fún, ẹranko yìí sì ní ju ara kan lọ. Bí ó bá ti ń yí ni ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí, kí ilé sì ṣáájú rẹ̀ díẹ̀.

Mo gbìyànjú ohun mẹ́ta lọ́jọ́ méjì:

Pákó tí mo gbé sọ́dọ̀ ògiri àpótí bí àtẹ̀gùn. Ó léfòó.

Yanrìn tí mo kó jọ sí igun kan bí òkè. Di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ sísàlẹ̀ omi.

Ìkẹta ló ṣiṣẹ́, kò sì ná mi ju àpótí kejì lọ. Mo ra irú àpótí àkọ́kọ́, mo ti bíríkì sábẹ́ orí kan rẹ̀. Àpótí dagun. Mo da omi sí i títí apá ìsàlẹ̀ fi jìn dé 8 sẹ̀ǹtímítà. Apá òkè gbẹ. Láàárín méjèèjì, omi ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, kò sí ògiri kankan láti gùn. Mo tẹ́ yanrìn fẹ́lẹ́ sí ìsàlẹ̀ kó má yọ̀, mo kó ewé tútù sí apá gbígbẹ kí wọ́n rí ibi sá pamọ́ sí.

Omi inú àpótí dídagun yìí kò tó ìdá mẹ́ta ti àpótí àkọ́kọ́, kò lè gba gbogbo wọn. Nítorí náà èyí tí ẹsẹ̀ iwájú bá yọ lára rẹ̀ nìkan ni à ń fi ife bù síbẹ̀, lọ́jọ́ kan náà. Àwọn yòókù wà nínú omi jíjìn. Láti ọjọ́ 41 tí a ti ṣe é, ẹyọ kan kò rì mọ́.

Ọ̀kan sá. Ọjọ́ 42, a rí i lẹ́yìn àpótí, ó ti gbẹ. Ọ̀pọ̀lọ́ tí kò ju 10 mìlímítà lọ lè gun ike tó bá tutù. Mo ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹnu àpótí méjèèjì, mo fi okùn rọ́bà dì í. Ó ku 21. Kí ẹ ti ta nẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ 1, ẹ̀fọn náà kò ní rí ibẹ̀ yé ẹyin.

7. Ìrù kò já

Àbíkẹ́yìn ń wá ìrù nínú omi. Ó gbé awò, ó wo gbogbo ìsàlẹ̀ àpótí, ó ní bí ìrù ṣe já bọ́ ni òun fẹ́ rí. Mo ní kí ó fi rúlà wọ̀n ọ́n láti abẹ́ àpótí, ẹranko kan náà, lójoojúmọ́. Èyí ni ohun tó kọ: 14 mìlímítà, 9, 4, 1. Lọ́jọ́ karùn-ún, kò sí mọ́. Ara ló gbé ìrù náà mì. Ọjọ́ wọ̀nyẹn kan náà ni wọ́n ṣíwọ́ oúnjẹ, torí ẹnu tí wọ́n fi ń họ òkúta ti ń di ẹnu gbòòrò ti ọ̀pọ̀lọ́. Ìrù ni wọ́n ń jẹ dípò. Ẹ má ju ewé sí wọn nígbà náà, omi nìkan ni yóò bàjẹ́.

Nígbà tí ẹnu tuntun parí, mo kó èèrùn kéékèèké tó ti kú fún wọn. Wọn kò wò ó. Ohun tí kò bá mira, ojú wọn kò kà á sí oúnjẹ. Mo gbọn ewé jíjẹrà láti abẹ́ igi sórí àwo funfun, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó já bọ́ nínú rẹ̀ ni mo dà sí apá gbígbẹ. Ahọ́n jáde, ó wọlé, kòkòrò ti lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń gbé oúnjẹ mì: ó ń pa ojú dé, ẹyinjú sì ń rì sínú orí láti ti oúnjẹ náà sí ọ̀fun. Ìgbà mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n ní kí a ṣì dúró kí òun tún un wò.

Ìbéèrè pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣé ọ̀nì náà wà lára áńfíbíà, ẹ̀yà ẹranko tí ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú omi àti orí ilẹ̀ lòun náà ń gbé? Rárá. Ìpẹ́ líle ló bo ọ̀nì lára, ẹyin rẹ̀ ní èèpo, ọmọ rẹ̀ sì jọ ọ́ láti ọjọ́ tó bá ti jáde. Àwọn tí a ń pè ní áńfíbíà pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀pọ̀lọ́ pẹ̀lú akèré àti kọ̀ǹkọ̀, àwọn salamáńdà oníìrù, àti àwọn tí kò lẹ́sẹ̀ rárá tí wọ́n dà bí ekòló ńlá, tí púpọ̀ nínú wọn ń gbé inú ilẹ̀. Irú wọn ju 8,000 lọ, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá sì jẹ́ ìbátan ọ̀pọ̀lọ́.

8. Ọ̀pọ̀lọ́ àgbà lórí òṣùwọ̀n

Ọjọ́ 46, ọ̀pọ̀lọ́ àgbà kan wọlé fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ gbẹ, eruku lẹ̀ mọ́ ọn. Mo rántí pé àwọn ọmọ kò gbà nígbà tí mo sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í fi ẹnu mu omi. A gbé e sórí òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù: 38. A gbé e sínú abọ́ tí omi inú rẹ̀ kò ju 1 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ó jókòó, ó tẹ́ ikùn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, a gbé e jáde, ó di 44. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní, "Omi ṣì ń kán lára rẹ̀." Òótọ́ ló sọ. A jẹ́ kó jókòó sórí ewé gbígbẹ fún ìṣẹ́jú méjì, a tún un wọ̀n: 41. Gíráàmù mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ kò ṣí lójú wa rí. Awọ abẹ́ ikùn àti itan ló fi mu ún.

Òfin ọwọ́ wa, tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rú: a ó fi omi nìkan ṣan ọwọ́ dáadáa kí a tó fọwọ́ kàn án, ọwọ́ á sì tutù. Ìpara, òróró àti oògùn ẹ̀fọn tó bá wà lọ́wọ́ ń gba awọ rẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ àti omi, kí ọwọ́ tó kan ojú tàbí ẹnu, torí ibi tó wú lẹ́yìn ojú ọ̀pọ̀lọ́ ní oró tó lè ta ojú gan-an. Oró yẹn kì í fa wọ́nwọ́n sí ènìyàn lára, kí ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ kí wọ́n má baà máa sọ òkúta lù ú. A tú u sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

9. Dídá wọn padà

Ọjọ́ 52. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án, ilẹ̀ tutù. A gbé wọn padà sí ọ̀gọ̀dọ̀ tí a ti mú ẹyin wọn, kì í ṣe òmíràn. Àrùn kan wà tí èbu àìfojúrí kan ń fà sára awọ wọn. Ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún èbu náà lórúkọ, ó sì ti run ọ̀pọ̀ irú wọn ní Ọsirélíà àti ní Amẹ́ríkà Àárín. Omi àti ẹrẹ̀ tí a gbé láti ibì kan dé ibòmíràn lè gbé e lọ. Nítorí náà, mo da omi àpótí sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí odò, mo fọ ohun gbogbo, mo sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ táútáú.

Ìṣirò wa nìyí. Ẹyin 47, 41 jáde. Ọmọ lámilámi jẹ 12, omi ìdọ̀tí pa 3, 4 rì, 1 gbẹ. 20 di ọ̀pọ̀lọ́. Bí mo bá tún un ṣe, àpótí dídagun yóò ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá yọ, ẹyin kò sì ní ju 20 lọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹyọ kan ṣẹ́ kù nínú omi jíjìn tí kò yọ ẹsẹ̀ rárá. Ó sanra, ó ń jẹun, ó kàn wà bẹ́ẹ̀. Àbíkẹ́yìn béèrè bóyá yóò wà bẹ́ẹ̀ títí ayé. Mo sọ fún un nípa axolotl, salamáńdà kan ní Mẹ́síkò tó ń dàgbà, tó ń bímọ, tí kò kúrò nínú omi, tí ohun tó fi ń mí sì wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní tiwa kì í ṣe ìyẹn, ọ̀pọ̀lọ́ ni tiwa.

Kí a tó tú u sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, ó bu ú sínú abọ́ funfun, ó gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 28 mìlímítà pẹ̀lú ìrù. Ó yà á sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ikùn rẹ̀ fún ẹsẹ̀.